Abọ́ Yánrin Ọjọ́ Jímọ́ọ̀

Agboolé Alápó,
Komu.
Ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ọjọ́ kẹtàlá, oṣù karùn-ún, ọdún 2025.

Sodiqat, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Àlàáfíà Ọlọ́hun kó máa bá ọ gbé ní Ṣakí. Mo nírètí pé ara rẹ le, pé ẹ̀kọ́ nọ́ọ̀sì rẹ ń lọ déédéé, àti pé ọ̀fìnkìn tó ń yọ ọ́ lẹ́nu nígbà tí a sọ̀rọ̀ gbẹ̀yìn ti gba ibòmíràn lọ. Tí o bá fẹ́ gbọ́ nípa tiwa, ó yẹ kí n kọ ọ́ pé dáadáa la wà, nítorí bẹ́ẹ̀ ni wọ́n kọ́ wa pé à ń bẹ̀rẹ̀ lẹ́tà. Ṣùgbọ́n mi ò ní í purọ́ fún ọ. Ẹ̀rù ń bà mí, Sodiqat. Láti àná ni àyà mi ti ń já, mi ò sì rí ẹni sọ ọ́ fún nínú agboolé yìí.

O lè máa bi ara rẹ pé kí ló dé tí mi ò pè ọ́. Fóònù kan ṣoṣo ló wà nílé, ọwọ́ bàbá rẹ ló ń gbé, o sì mọ̀ ọ́n: kò sí ìpè tí kì í ṣí síta kí gbogbo ilé lè bá a gbọ́. Ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá ọ sọ yìí, òun gan-an ni kò gbọdọ̀ gbọ́ ọ. Ni mo bá gbé ìwé àti bírò lọ sábẹ́ igi mángòrò. Àwọn tó ń kọjá rò pé iṣẹ́ ilé ẹ̀kọ́ àgbà ni mò ń ṣe, wọ́n ń kí mi kú iṣẹ́, èmi náà ń rẹ́rìn-ín. Má wo ìkọ̀wé mi, orí eékún ni mo ti ń kọ ọ́.

O rántí bí ọ̀rọ̀ ṣe bẹ̀rẹ̀. Nígbà tí o wá lo ìsinmi nílé nínú oṣù kìíní, ìwọ lo mú bàbá rẹ lọ yẹ ara wò, ìwọ ni wọ́n sì sọ fún pé ìtọ̀ ṣúgà ni. Bàbá rẹ fi ṣe yẹ̀yẹ́ nígbà tí ẹ délé, ó ní òun ò fi ṣúgà mu ògì láti ọdún tó kọjá, ibo ni ṣúgà ti rí òun? Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ojú mi ló ṣe nígbà tí irú àìsàn yìí mú ẹ̀gbọ́n rẹ̀, Bàbá Fàsásì, ní Ipapo. Egbò kékeré kan ló yọ sí i lábẹ́ ẹsẹ̀, ó ní ìṣó bàtà ló gún òun. Ẹsẹ̀ rẹ̀ ni a kọ́kọ́ sin, lẹ́yìn oṣù méje ni a wá sin ìyókù. Láti ìgbà náà, tí mo bá ti gbọ́ ìtọ̀ ṣúgà, ẹsẹ̀ ni mo máa ń rí lọ́kàn mi.

Ìdí nìyẹn tí mo fi gba ẹ̀kọ́ rẹ tọwọ́ tẹsẹ̀. O ní kí n dín èlùbọ́ kù, kí n máa fún un ní ewé tútù nínú abọ́ lẹ́ẹ̀kan lójúmọ́. Ìwọ ń pè é ní sàláàdì, èmi ń pè é ní abọ́ tútù, bàbá rẹ ní oúnjẹ ewúrẹ́ ni. Kábéèjì àti àwọn ewé òyìnbó tí o kọ sílẹ̀ fún mi, àfi kí ènìyàn wọkọ̀ dé Ìsẹ́yìn kó tó rí wọn rà, ni mo bá fi ọgbọ́n tèmi kún un. Ẹ̀fọ́ yánrin ni mo fi rọ́pò wọn. Màá gé e wẹ́wẹ́, màá wọ́n iyọ̀ sí i, màá fi ọwọ́ fún un lẹ́ẹ̀kan péré, kí ìkorò rẹ̀ lè rọ̀ ṣùgbọ́n kó má tán, torí inú ìkorò yẹn ni adùn rẹ̀ wà. Màá ti rẹ àlùbọ́sà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ tẹ́lẹ̀ kó lè gbàgbé ìjà tó ń bá ojú jà. Màá da ẹ̀wà sísè tó ti tutù sí i, àti tòmátì, àti wàrà tí mo gé kéékèèké, àti mángòrò tí kò tíì pọ́n. Lẹ́yìn náà ni màá gún ẹ̀pà yíyan pẹ̀lú ata gbígbẹ, màá fi òróró díẹ̀ pò ó, màá dà á sórí. Sodiqat, ó dùn! Ojú ń tì mí láti sọ ọ́, ṣùgbọ́n nígbà míì mo máa ń jẹ tèmi tán níbi tí mo ti ń gé e kí n tó gbé ti bàbá rẹ síta.

Ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́, bàbá rẹ bá mi jà. Ó ní, "Ìyá Sodiqat, wò mí dáadáa, ṣé mo ní ìwo ni?" Á jẹ ṣíbí méjì, á ní eyín òun ń ró bíi ti ẹran. Àfi bó ṣe di ọ̀sẹ̀ kejì tó kàn dákẹ́. Ó ní kí n máa gbé e fún òun, òun á máa lọ jẹ ẹ́ lẹ́yìnkùlé níbi tí atẹ́gùn ti ń fẹ́. Láti ìgbà náà, abọ́ kì í padà wá pẹ̀lú ẹ̀kán òróró kan, á mọ́ féfé bí ẹni pé wọ́n ti fọ̀ ọ́. Mo wá ń yangàn kiri agboolé. Mo sọ fún Àwáwù, ìyàwó Kàdírì tí oko rẹ̀ bá tiwa pààlà, pé sùúrù ni ọkùnrin ń fẹ́, pé ewé ti wọ ọkọ mi lára. Àwáwù wò mí, ó ní Ọlọ́hun á jẹ́ kó pẹ́ fún wa.

Ọ̀rọ̀ wá kan ọjọ́ Jímọ́ọ̀ tó kọjá. Nígbà tí ìyá mi wà láyé, ó kọ́ mi pé kí oòrùn tó yọ ni à ń já yánrin, tòun ti ìrì lára, torí oòrùn ló ń kó ìkorò sí i. Nítorí náà, bí a ṣe kírun àárọ̀ tán ni mo gbé àpò, ó di ẹ̀bá oko Kàdírì lójú ọ̀nà odò, níbi tí yánrin ti hù lẹ́yìn òjò àkọ́rọ̀, tó tutù minimini. Mo rí àkísà pupa kan lórí igi tí wọ́n rì mọ́ ẹ̀bá oko náà. Ààlè ni mo pè é. Mo ní Kàdírì ń dáàbò bo kajú rẹ̀ lọ́wọ́ àwọn aláfọwọ́rá. O sì mọ̀ pé nílùú wa, ààlè kì í de ẹ̀fọ́ ìgbẹ́. Ohun tí ènìyàn gbìn ló ń pa ààlè sí. Èyí tí Ọlọ́hun fúnra rẹ̀ gbìn, ti ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ibẹ̀ ni. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo já yánrin kún àpò. Omi pọ̀ lára ewé náà ju ti àtẹ̀yìnwá lọ, ó ń dán. Ìrì ni mo pè é. Inú mi tiẹ̀ dùn, mo ní ti òní á rọ̀ lẹ́nu. Ó ń rùn díẹ̀, mo ní òórùn àpò ajílẹ̀ tí mo kó o sí ni.

Mo mọ ohun tí o máa sọ. O ní kí n máa fi omi iyọ̀ ṣan ewé lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ̀ẹ̀kan ni mo ṣan án lọ́jọ́ náà, nítorí àkókò Jímọ́ọ̀ ti ń kàn, bàbá rẹ sì ń pariwo pé òun ò rí fìlà òun. Èmi ò tọ́ ọ wò rárá, torí mò ń san ààwẹ̀ Ràmádánì tó kù mí kù. Nígbà tó ti mọ́sálásí dé, mo gbé abọ́ náà fún un, ó gba ẹ̀yìnkùlé lọ, abọ́ sì padà wá ní mímọ́.

Àná tó jẹ́ ọjọ́ Ajé, mo tún gba ọ̀nà odò lọ. Ẹsẹ̀ mi kọ̀, ó dúró. Gbogbo ẹ̀bá oko náà ti pọ́n, àti koríko àti yánrin, bí ẹni da omi gbígbóná sí i. Kàdírì wà nínú oko. Mo kí i, mo fi ẹ̀rín bi í pé kí ló ṣe koríko rẹ̀. Ó ní, "Ẹ ò rí àkísà pupa tí mo so mọ́gi ni, Ìyá Sodiqat? Mo fi kẹ́míkà fín in nírọ̀lẹ́ Alámísì. A ti fẹnu kò nípàdé àgbẹ̀ pé ẹni tó bá fín oko kó so pupa, kí ẹnikẹ́ni má baà da ẹran wọ ibẹ̀." Ìpàdé àgbẹ̀! Àwọn ọkùnrin ló jókòó, àwọn ọkùnrin ló fẹnu kò, wọ́n sì dìde, wọ́n wá sílé wá jẹun. Ta ló sọ fún àwa tí à ń já ẹ̀fọ́? Bàbá rẹ náà wà nípàdé ọ̀hún. Mo fẹ́ bínú, ṣùgbọ́n ìbínú ò ráyè, ẹ̀rù ti gba gbogbo àyè. Kàdírì bi mí pé ṣé kò sí nǹkan, mo ní kò sí. Mi ò mọ ìdí tí mo fi ní kò sí.

Ohun tó ń dẹ́rù bà mí jù nìyí. Láti ọjọ́ Àbámẹ́ta ni ara bàbá rẹ kò ti yá. Kò lọ oko. Ó ní òtútù ń mú òun, ó wọ ìbọ̀sẹ̀ dúdú tí o rà fún un, kò sì bọ́ ọ láti ìgbà náà, nínú ooru tó ń mú wa yìí. Ó ń rìn pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́ bí ẹni tí ilẹ̀ kò dá lójú. Oúnjẹ tí mo bá gbé fún un, ìdajì ló ń jẹ. Mo ti rò pé ibà ni, láti àná ni mo ti mọ̀ pé kì í ṣe ibà. Wọ́n ní ọkùnrin kan ní Ilua ṣèèṣì mu irú kẹ́míkà bẹ́ẹ̀. Ó lọ oko lọ́jọ́ kejì, ó ta ayò lọ́jọ́ kẹta, ọjọ́ kẹfà ni kò lè mí mọ́. Òní ni ọjọ́ karùn-ún. Lọ́sàn-án yìí tó sùn sórí ẹní, mo dúró lẹ́nu ọ̀nà, mò ń ka mímí rẹ̀ bí ẹni ka tẹ̀sùbáà. Mo ti bu epo pupa sínú ẹ̀kọ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, torí wọ́n ní epo ń pa oró. Ó wò ó, ó ní, "Ṣé èyí náà wà nínú ẹ̀kọ́ Sodiqat?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Dárí jì mí pé mo fi orúkọ rẹ purọ́.

Wàhálà kì í sì í dá wá. Àgbò Iléyá wa náà kò jẹun láti ìjẹta, ó kàn gbórí ti ògiri. Bàbá rẹ ní ọ̀rá omi ló gbé mì. Mi ò ráyè tirẹ̀.

Ìwọ tó mọ̀wé, sọ fún mi: ṣé oògùn wà tó ń lé nǹkan yìí jáde lára? Ṣé kí n sọ fún un? Tí mo bá sọ ọ́, á ní mo pa òun. Tí mi ò bá sọ ọ́ tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀, a jẹ́ pé mo pa á lẹ́ẹ̀mejì. Ẹsẹ̀ ọkọ mi ni mo fẹ́ fi ewé dá sí, wo ohun tí mo fi ewé ṣe. Ó ń pè mí. Mò ń bọ̀.

Ọjọ́rú, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Sodiqat, awakọ̀ Ṣakí tó máa ń bá wa mú lẹ́tà lọ ò gba ọ̀dọ̀ wa kọjá lánàá, nítorí náà lẹ́tà yìí ṣì wà lọ́wọ́ mi. Nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Má fòyà, bàbá rẹ wà láàyè, ó jókòó níwájú mi bí mo ṣe ń kọ èyí. Rọra kà á.

Àgbò wa ti kú. Láàárọ̀ yìí ni bàbá rẹ bá a nílẹ̀ lẹ́yìnkùlé, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti gan. Ẹnikẹ́ni ò bá a láàyè kó lè dú u, nítorí náà kò ṣe é jẹ. Nígbà tí mo débẹ̀, bàbá rẹ jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹran náà, ó ń sunkún. Láti ọdún mẹ́tàlélógún tí a ti fẹ́ra wa, ọjọ́ tí a sin Bàbá Fàsásì nìkan ni mo rí omi lójú rẹ̀. Mo rò pé Iléyá tó ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ló ń rò. Mi ò mọ ìgbà tí ẹnu mi ṣí. Mo kúnlẹ̀, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un: àkísà pupa, ìrì tí kì í ṣe ìrì, ewé tí mo ṣan lẹ́ẹ̀kan. Mo ní, "Bàbá Sodiqat, ọwọ́ ara mi ni mo fi fún yín ní májèlé jẹ. Ẹ dìde, ẹ jẹ́ ká lọ sí ọsibítù."

Ó wo àgbò náà. Ó ní, "Mùyìbátù, mi ò jẹ ẹ́."

Mo ní kí ni kò jẹ. Ó ní òun ò jẹ ti Jímọ́ọ̀, òun ò jẹ èyí tó ṣáájú rẹ̀, láti ọ̀sẹ̀ kejì ni òun ò ti jẹ ọ̀kankan mọ́. Àgbò ló ń jẹ ẹ́. Òun á gbé abọ́ síwájú rẹ̀, á jẹ ẹ́ tán, á fi ahọ́n lá abọ́ tónítóní, òun á sì gbé e padà fún mi. Lẹ́yìn náà ni òun á gba ilé Kàdírì lọ jẹ iyán. Àwáwù tí mò ń yangàn fún, òun ló ń gún iyán náà!

Mi ò lè sọ bí inú mi ṣe rí. Mo kọ́kọ́ wí alihamudu lilahi, mo wí i títí ohùn mi fi há. Kò jẹ májèlé, ọkọ mi ò jẹ májèlé. Lẹ́yìn náà ni inú bí mi débi pé mo fẹ́ fi ìdí abọ́ gbá a lórí. Oṣù mẹ́ta ó lé! Mò ń jí lọ já ewé, mò ń fún yánrin, mò ń rẹ àlùbọ́sà sínú omi ọsàn wẹ́wẹ́ fún àgbò! Abájọ tí ara ẹran náà fi ń dán. Ẹ̀rín pa mí lójijì, ẹ̀rín pa òun náà, àwa méjèèjì ń rẹ́rìn-ín lẹ́gbẹ̀ẹ́ òkú ẹran bí ẹni tí orí rẹ̀ ò pé.

Àárín ẹ̀rín yẹn ni àyà mi tún já. Tí kò bá jẹ ewé náà, kí ló ń ṣe é láti Àbámẹ́ta? Mo wo ẹsẹ̀ rẹ̀. Ó rí mi tí mò ń wò ó, ó fa ti òsì sẹ́yìn. Mo ní kó bọ́ ìbọ̀sẹ̀, ó ní òtútù ni. Mo ní, "Ẹ bọ́ ọ." Ó ní kí n fi òun lọ́rùn sílẹ̀. Èmi ni mo fọwọ́ ara mi bọ́ ọ, Sodiqat. Ó ti lẹ̀ mọ́ ọn lára. Egbò wà lábẹ́ àtàǹpàkò rẹ̀, ó fẹ̀ tó ìdérí ìgò, etí rẹ̀ ti dúdú. Ó ní kò dun òun. Ó ní ohun tó ń ba òun lẹ́rù gan-an nìyẹn, pé kò dun òun rárá. Ẹkún tó ń sun láàárọ̀, kì í ṣe nítorí àgbò. Ó ní nígbà tí òun rí ẹsẹ̀ ẹran náà tó gan síbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n òun ni òun rí.

A ò mọ ohun tó pa àgbò náà. Ó lè jẹ́ yánrin mi, ó lè jẹ́ ọ̀rá. Kàdírì bá wa sin ín jìnnà sí kànga, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, ó sì ní òun á dúró nípàdé àgbẹ̀ tó ń bọ̀, òun á ní kí wọ́n pe àwọn obìnrin sí i. Àwáwù ò tiẹ̀ dúró de ìpàdé kankan, ó ti ń lọ láti ojúlé dé ojúlé, ó ń sọ ìtumọ̀ àkísà pupa. Kò lè wo ojú mi, mo sì ti sọ fún un pé ọ̀rọ̀ iyán dìgbà mìíràn.

Kàdírì ti lọ wá ọkọ̀ tí yóò gbé wa lọ sí ọsibítù ní Ìsẹ́yìn lọ́sàn-án yìí. Tí wọ́n bá fún ọ láyè, pàdé wa níbẹ̀ lọ́la. Màá pè ọ́ tí a bá débẹ̀, ṣùgbọ́n o mọ̀ mí, ẹkún ni màá sun sí ọ létí, ìdí nìyí tí mo fi ń kọ gbogbo rẹ̀ tán síbí. Bá mi bi àwọn tó mọ̀ ọ́n pé irú egbò tí kò dunni yìí, ṣé ó máa ń san láìgé nǹkan kan? Mi ò lè bi wọ́n níwájú rẹ̀. Gbogbo ara mi ló ń bẹ̀rù ìdáhùn.

Bí a ṣe jókòó tí à ń retí ọkọ̀, bàbá rẹ ní ebi ń pa òun. Mo bi í pé kí ni kí n gbé wá. Kò wo ojú mi, ó ní, "Gbé oúnjẹ ewúrẹ́ yẹn wá." Mo já yánrin tó hù nídìí ìkòkò omi wa, níbi tí ẹnikẹ́ni kò fín nǹkan kan sí. Mo ṣan án lẹ́ẹ̀mẹta, mo ń kà á sókè kó lè gbọ́. Kò sí wàrà, mángòrò ti pọ́n tán, ẹ̀pà díẹ̀ ló kù, mo ṣe é bó ṣe mọ. Mo gbé e síwájú rẹ̀. Ó mú ṣíbí, kò bù ú. Èmi náà, nígbà tí mo rí bí ewé náà ṣe ń dán nínú òróró, ọkàn mi fò lọ sí ẹ̀bá oko Kàdírì. Ó ní, "Mùyìbátù, kọ́kọ́ jẹ ẹ́." Mo bù ú, mo jẹ ẹ́, mo la ẹnu kó rí i pé mo ti gbé e mì. Òun náà wá bu tirẹ̀. A ò jẹun nínú abọ́ kan náà rí láti ọjọ́ tí a ti fẹ́ra wa. Ó ń runjú bó ṣe ń jẹ, ó sì ń jẹ.

Kí Ọlọ́hun má jẹ̀ẹ́ ká tún sin ẹsẹ̀ ṣáájú ẹni tó ni ín nínú ìdílé yìí. Kó fi ẹsẹ̀ bàbá rẹ sílẹ̀ fún un títí yóò fi rìn wá síbi ìgbéyàwó rẹ. Kí ohun tí ò ń kọ́ ní Ṣakí ṣe ọ́ láǹfààní, kó sì ṣe àwa náà láǹfààní, kó má pẹ́ jù fún wa. Kí o lọ ire, kí o bọ̀ ire, kí ojú wa ríra lọ́la pẹ̀lú ayọ̀. Àmín.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ, tí àyà rẹ̀ ò tíì balẹ̀,
Mùyìbátù, ìyàwó Bàṣírù.

Àfikún: Ọkọ̀ ti dé, wọ́n ń fọn fèrè, awakọ̀ Ṣakí sì ti na ọwọ́ fún lẹ́tà. Kí n tó fún un, jẹ́ kí n sọ èyí fún ọ. Abọ́ tí bàbá rẹ jẹ tán wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi níbí. Òróró wà nídìí rẹ̀, hóró tòmátì lẹ̀ mọ́ etí rẹ̀, ó sì ṣẹ́ àlùbọ́sà kù sí ẹ̀gbẹ́ kan. Ó dọ̀tí. Mi ò fọ̀ ọ́.